Ariwo Lásán

Ẹ̀rọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì màmá mi tún ń ké.

Ọ̀sán gangan ni, ní yàrá àwọn tí àìsàn wọn le jù, nílé ìwòsàn kan ní Ìlaró.

Nọ́ọ̀sì Toheebat wọlé. Kò tiẹ̀ wojú màmá mi. Bọ́tìnnì ló tẹ̀, ẹ̀rọ bá dákẹ́.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Ariwo lásán ni. Tí iná bá ti ń ṣe ségesège, bó ṣe máa ń ké nìyẹn."

Iná wo? Iná ò ṣẹ́jú láti àárọ̀!

Nọ́ńbà tó ń sọ bí atẹ́gùn ṣe tó lára màmá mi ti wálẹ̀ sí 91.

Màmá mi lajú. Rọ́bà tó wà lọ́fun wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ nọ́ńbà yẹn bí ẹni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń nàka sí ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tún ké. Toheebat tún tẹ̀ ẹ́ pa.

86.

81.

Mo fò dìde. "Ṣé ẹ ò rí i pé ètè wọn ti ń ṣú ni? Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ máa tẹ ẹ̀rọ pa láìwo aláìsàn?"

Ọwọ́ Toheebat dúró lórí bọ́tìnnì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa wojú màmá mi.

"Màmá yín ni, mà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ mátírọ́ọ̀nù wa níbí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn."