Iṣu Ẹ̀yìn Kóòtù

Olúdayọ̀, alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè, kò ka Màmá Ojúọlá kún rárá. Arúgbó tí kò léyín lẹ́nu, tí kò sì ní ìwé kankan lọ́wọ́, ló ń pariwo pé ilẹ̀ baba òun ni kóòtù àtijọ́ Ayétòrò wà. Ìlú ti ń sọ kóòtù ọ̀hún di ilé ìkọ́ṣẹ́. Wọ́n ti gbé àga adájọ́ jáde, wọ́n ti to ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí i láìsí wàhálà, Olúdayọ̀ ni yóò máa ṣe olórí ibẹ̀. Bí ìlú bá gbà pé ìdílé Ojúọlá ló nilẹ̀, àwọn ni yóò yan ẹni tó wù wọ́n.

"Ebi ló ń pa ìyá yẹn," ló sọ fún Sàláúdéènì, akọ̀wé rẹ̀. "Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì."

Ó fowó ránṣẹ́. Màmá dá a padà. Ó fi àpò ìrẹsì ránṣẹ́. Ìyẹn náà padà.

"Wọ́n ní iyán nìkan lẹnu àwọn gbà," Sàláúdéènì wí.

Olúdayọ̀ rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Iyán! Iṣu tó gbìn sẹ́yìn kóòtù sì ti tó wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ilé, lójú gbogbo ìlú ni òun yóò ti fi iṣu dí i lẹ́nu.

"Alága, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi àwọn àgbà."

"Kí ni mo fẹ́ bi wọ́n? Iṣu ni mo fẹ́ fún un, kì í ṣe ilé."

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó pe Màmá síta. "Ẹ wá gba iṣu, Màmá. Mi ò rà á lọ́jà o. Ẹ̀yìn ilé yìí ni mo ti wa á."

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo gbìn ín?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi gbìn ín."

Kí yẹ̀yẹ́ náà lè kún, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín, ó sì rò pé àánú arúgbó ló ń ṣe wọ́n.

Màmá gba iṣu náà, ó súre fún un dáadáa, ó wá yíjú sí àwọn àgbà: "Ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi o, Olúdayọ̀ ti mú ìṣákọ́lẹ̀ wá fún onílẹ̀."