Ọwọ́ Òsì Olúgbódi

Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí wọ́n bí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Olúgbódi. Òun ló ń tẹ kííbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kó tó gba Líbíà lọ, kó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ń la òkun kọjá yọ́ wọ Ítálì. A ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, Màámi ń bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lálaalẹ́, á sì nawọ́ sí kííbọ́ọ̀dù tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ nílé, á ní:

"Abọ́sẹ̀dé, máa tẹ kííbọ́ọ̀dù yẹn, kó má bàa bàjẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ tó dé."

Mo ń kọ́ ọ. Ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbìyànjú, àmọ́ tí mo bá ti fi òsì kún un, gbogbo rẹ̀ á dàrú.

Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, iná lọ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Kííbọ́ọ̀dù náà ò ní bátìrì, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ ń bá ọwọ́ ọ̀tún mi lọ wẹ́rẹ́, kò ṣì í rárá, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òsì mi wà lórí itan mi.

Mo nà án síbi tí ohùn náà ti ń wá. Mo kan ọwọ́ kan. Ó tutù, ó rin gbingbin. Mo ń fọwọ́ wá ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan èyí tó kéré jù, ìkẹfà.

Màámi pariwo láti kíṣìnnì. "Olúgbódi, o ti dé? Mo mọ ọwọ́ rẹ. Jókòó, oúnjẹ rẹ ṣì gbóná."

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìkòkò. Omi ń kán láti orí kííbọ́ọ̀dù sí mi lẹ́sẹ̀. Mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò.

Ó níyọ̀.