Orúkọ Tí Wọ́n Pa Rẹ́ Nínú Ìwé Ìrìbọmi

"Àlejò ni baba ńlá yín, kì í ṣe ọmọ ilé wa." Ọ̀rọ̀ tí olórí ẹbí sọ sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú bàbá mi nìyí. Bí n kò bá rí ẹ̀rí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn kò ní jẹ́ kí a sin ín sí àgbàlá. Ìbínú náà ni mo gbé wọ yàrá ìwé ìjọ lálẹ́.

Mo rí ojú ewé tí wọ́n kọ ìrìbọmi baba ńlá wa sí. Orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, Jeremáyà, wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi tàdáwà pa orúkọ àbísọ àti orúkọ ilé rẹ̀ rẹ́. Mo lu tábìlì gbì, mo sì fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Bàbá Àdìgún! Ọ̀dájú wo ló pa orúkọ yín rẹ́?"

Ọláoṣebìkan, ẹni tí ń tọ́jú ilé ìsìn, fẹ́rẹ̀ẹ́ ju àtùpà nù. "Ẹ rọra! A kì í pe òkú lóru. Ṣé ẹ fẹ́ kó dáhùn ni?"

"Kó dáhùn! Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi fún un."

Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn wa, níbi tí kò sí nǹkan kan bí kò ṣe ògiri.

"Èmi ni mo pa á rẹ́. N kò jẹ́ jẹ́ ọmọ ilé yẹn láé."

Ọwọ́ kan nà kọjá èjìká mi, tàdáwà ń kán ní ìka rẹ̀, ó sì rọra pa ìwé náà dé.