Àwọn Òkúta Tó Ti Sán Tẹ́lẹ̀

Bàbá Olókùúta ni gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè é, nítorí ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń tẹ òkúta fọ́ kí àwọn ẹnjiníà lè mọ bí agbára rẹ̀ ṣe tó.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé agbára àpáta òkè kan tó ọgọ́fà lójú ẹ̀rọ tó fi ń tẹ òkúta. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, wọ́n fi ya àwòrán ọ̀nà abẹ́ òkè, wọ́n sì gbẹ́ ẹ. Lóṣù tó kọjá, òrùlé ọ̀nà náà wó pa ènìyàn mẹ́rin. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nílùú, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n lò, ni ìgbìmọ̀ ìwádìí bá ní kó tún àpáta náà dán wò lójú akọ̀wé wọn, obìnrin kan. Bí nọ́ńbà bá lọ sílẹ̀, a jẹ́ pé òun ló jẹ̀bi, iṣẹ́ àti orúkọ ti lọ nìyẹn.

Ó tètè dé lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó ń dá a dúró nílé mọ́. Abọ́ kan, ṣíbí kan, ó parí. Àdáwà náà sú u, òkúta ló kù tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ó gbé òkúta rìbìtì àkọ́kọ́ sínú ẹ̀rọ. Ó dún gbàù.

“Mọ́kàndínlọ́gọ́fà,” ni akọ̀wé kà.

Ìkejì jẹ́ méjìlélọ́gọ́fà, ìkẹta mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.

“Ẹ ò jẹ̀bi, Bàbá. Nọ́ńbà yín dúró digbí.”

“Ta ló wá jẹ̀bi?”

Obìnrin náà tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀. “Wọ́n á ní ẹni tó ya àwòrán ni. Òun náà wà lára àwọn mẹ́rin yẹn, kò lè gbẹnu sọ fún ara rẹ̀.”

Inú Bàbá Olókùúta bàjẹ́. Ó dìde, ó lọ sídìí àpótí tí wọ́n ń kó àwọn òkúta tí wọn ò fẹ́ sí, ó ṣa mẹ́ta.

“Bàbá, àwọn yẹn ti sán tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé a kì í kà wọ́n mọ́ ọn.”

“Ṣáà máa kà.”

Ogójì. Méjìdínlógójì. Mọ́kànlélógójì.

“Kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn ti àkọ́kọ́, mi ò gbé wọn sínú ẹ̀rọ dáadáa. Kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣìṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.”

“Wọ́n á lé yín dànù, Bàbá.”

“Mo mọ̀.”

Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó kọ ọ́. Bàbá Olókùúta fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ jókòó ti sàréè tuntun kan, ó sì sọ fún ọmọ kan ṣoṣo tó bí láyé, ẹnjiníà tó ya àwòrán ọ̀nà náà, pé ẹnikẹ́ni ò ní fi orúkọ rẹ̀ gbálẹ̀ mọ́.