Ọ̀pá Rọ́bà Tí Ó Fọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun náà ń fọ nǹkan lọ́wọ́ ní láàbù, yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì, nígbà tí ó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn rẹ̀.

“Ẹ wá wò ó o!” Brielle, tí wọ́n jọ ń lo tábìlì, ló pariwo. “Ó ń fọ èyí tá a máa ń jù nù! Àwo oúnjẹ ni?”

Gbogbo láàbù bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín tí wọ́n fi ń fa omi oògùn ló ń fọ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó ti wá parí ẹ̀kọ́ báyọ́lọ́jì ní yunifásítì yìí, fífọ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó sójú fèrèsé kó gbẹ de kíláàsì mìíràn. Jìnnìjìnnì bò ó. Wọ́n á ti mọ̀ báyìí pé àṣìṣe ni wọ́n fi gba òun wọlé.

Lójijì, gbogbo wọn yíjú sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Delacruz, obìnrin tó ń kọ́ wọn, ti dé.

“Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò mọ̀ ni. Ẹ má lé mi.”

“Kọ́lẹ́ẹ̀jì wo lo ti wá?”

Akẹ́kọ̀ọ́ náà dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjú sí tábìlì tirẹ̀, ó sì di dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ mú. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń ro ohun tí òun máa sọ fún ìyá òun.

Dúrọ́ọ̀ náà ṣí. Ọ̀pá rọ́bà ló kún inú rẹ̀ dẹ́nu, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, àwọn mìíràn ti pọ́n fún ọjọ́ pípẹ́.

“Tí wọ́n bá gbẹ,” ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí, “ibí ni kó o kó wọn sí, mọ́ tèmi.”