Àṣàbí àti Àbẹ́là Àlàáfíà

Obìnrin kan wà ní Ìlọrin tí kò ní sùúrù rárá. Àṣàbí ni orúkọ rẹ̀. Bí ó bá gbé ìrẹsì kaná, yóò ti ṣí i wò títí kí omi tó hó. Bí ó bá gbàdúrà láàárọ̀, yóò ti máa bi Ọlọ́run léèrè èsì kó tó di ọ̀sán. Àwọn aládùúgbò a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Mojísọ́lá. Nígbà tí Mojí ní Naeem lòun fẹ́ fẹ́, ọmọ Mùsùlùmí láti agboolé kan nítòsí Ọjà-Ọba, Àṣàbí kò dúró gbọ́ àlàyé. "Má tẹ ilé mi mọ́!" Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mojí lọ, kò padà. Ó ti bí ọmọbìnrin kan, Habeebah, tí ìyá àgbà rẹ̀ kò tíì fojú kàn rí. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ń jẹ Àṣàbí lọ́kàn tọ̀sán tòru.

Ìyá Naeem, Àlájà Salimat tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní ọjà Ipata, ló dá sí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kan, ó wá bá Àṣàbí nílé.

"Àna mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Mojí ti ń rọ̀. Ó ní òun á gbé Habeebah wá kí yín lọ́jọ́ Kérésì."

"Kérésì ti jìnnà jù, Àlájà!"

"Ẹ ní sùúrù. Bàbá Naeem ni mo ṣì ń bẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹ fẹ́ gba ìyàwó wọn padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má ṣe ohunkóhun, wàláì. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún."

Àṣàbí ní òun ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà Bíbọ̀ Olúwa ti wọlé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní GRA, àbẹ́là mẹ́rin ni wọ́n ń tàn ṣáájú Kérésì, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan, èkejì sì ni ti àlàáfíà. Àwọn tó jà tí wọ́n sì ti parí ìjà ni wọ́n máa ń pè láti jọ tàn án. Àṣàbí lọ bá àlùfáà. "Èmi àti Mojí ni kẹ́ ẹ pè, sà. A ti parí ẹ̀."

Ibẹ̀ náà kò tó o. Ní Sátidé, ó kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn nínú aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n ń kọrin ìyìn wọ agboolé àwọn Naeem láti lọ mú Mojí wá. Àwọn àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán, wọ́n ṣì wà lórí ẹní. Orin kú lẹ́nu àwọn obìnrin náà. Bàbá Naeem dìde, ó wọlé lọ.

Mojí jáde, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. "Mọ́mì, kí lẹ ṣe yìí? Àárọ̀ yìí ni Bàbá gbà pé kí n máa wá kí yín! Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn báyìí?"

"Àlàáfíà ni mo bá wá, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ."

Àṣàbí nawọ́ sí ọmọ náà, ṣùgbọ́n Mojí ti wọlé. Fìlà ọmọ nìkan ló rí.

Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà pe orúkọ méjì, ẹnì kan ló dìde. Gbogbo ìjọ ń wo ẹnu ọ̀nà. Ìṣáná jó títí ó fi kan Àṣàbí níka, kò lè fi tan àbẹ́là náà. Ó padà lọ jókòó, ojú tì í gidigidi.

Ìyà tó kù ṣì ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ti ń pe Naeem sí Sókótó, tó ń kọ̀ ọ́ kí Mojí lè wà nítòsí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, Mojí fúnra rẹ̀ ló ní kí àwọn máa lọ.

Lọ́jọ́ Kérésì, Àṣàbí se ìrẹsì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀. Àlájà Salimat nìkan ló wọlé, ó mú láílọ́ọ̀nù kan dání.

"Aṣọ tí Mojí dá fún Habeebah láti fi wá kí yín lónìí rèé. Ó ní kí n kó o fún yín. Kí wọ́n tó padà wá, kò ní gba ọmọ náà mọ́."

Àṣàbí tẹ́ aṣọ kékeré náà sórí itan, ó sì bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó jẹ ìrẹsì náà.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ o. Wíwù tí àlàáfíà ń wù wá kọ́ ni ó ń mú un yá. Ẹni tí a ṣẹ̀ ló mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ẹ jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn ín dé. Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa kọ́ wa pé a kì í tan àbẹ́là mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.