Kò Tíì Gba Fríídọ̀mù

Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, ẹ̀rọ onídìrí ti di ṣùkú fún oníbàárà mẹ́rin. Ọdún mẹ́ta ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Wúràọlá. Láṣebìkan, òṣìṣẹ́ ìjọba, wọlé pẹ̀lú ìwé.

“Ẹ̀rọ yín ti mọṣẹ́ tán, màmá. Òfin ní kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún un.”

Ìyá Wúràọlá ò gbójú kúrò lára irun tó ń yà.

“Gbogbo ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ló kúnlẹ̀ gba àdúrà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó gba fríídọ̀mù. Kí òun náà kúnlẹ̀.”

“Kò lórúnkún, màmá.”

“Títí tó fi máa ní in, ọmọọṣẹ́ mi ni. Ọmọọṣẹ́ kì í gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ọ̀gá.” Ó yíjú sí ẹ̀rọ náà. “Ìwọ, gbá irun tó wà nílẹ̀ yẹn.”

Ẹ̀rọ náà mú ìgbálẹ̀.